Okùn Kẹta Gìtá Yacoubou

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Yacoubou aránṣọ ní Bantè, kò ní ṣe ju kó gbé aṣọ aláwọ̀ ewé wá, kó mú òwú aláwọ̀ ewé mìíràn tì í, kó sì ní, "Ẹ máa rán an, wọ́n ti jọra." Yacoubou á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Á wo aṣọ, á wo òwú, á wá wo ojú oníbàárà bí ẹni tó ń wo ẹran tí eṣinṣin ti kùn lé lórí.

"Wọ́n jọra fún ta ni?"

Á mú àlùmọ́gàjí, á gé etí aṣọ náà bíńtín, kò ní tó èékánná, á fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ mú èyí lọ bá ẹni tó ń ta òwú. Ẹ gbé òwú lé e lórí. Èyí tó bá rì sínú aṣọ tí ojú yín kò rí i mọ́, òun ni kí ẹ rà. Ẹ má fi orí rántí àwọ̀. Orí kì í rántí àwọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Àwọn obìnrin Gouka tó ti gun alùpùpù zẹ́mì wá lórí ọ̀nà eléruku, tí ìpéǹpéjú wọn ti pọ́n, yóò dá wọn padà sínú ọjà nítorí òwú lásán. Wọ́n á bú u lọ, wọ́n á bú u bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń padà wá, nítorí aṣọ tí Yacoubou bá rán, omi á fọ̀ ọ́ títí, kò ní tú.

Ọkùnrin yìí kan náà ló ń ta gìtá oníná nínú ẹgbẹ́ olórin Bantè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní nǹkan bí ọdún 1995 ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti dín agbára owó séfà kù tí gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ di ọ̀wọ́n. Pascal, olùkọ́ ilé ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní Mẹ́tírì, ni olórí ẹgbẹ́ náà, òun ló sì ń kọrin. Gìtá tí ẹgbẹ́ ń lò tẹ́lẹ̀ ti fọ́. Yacoubou lọ ra òmíràn lọ́wọ́ Bàbá Chitou ní Savalou, àgbà onígìtá tí orúnkún kò jẹ́ kó lè dúró ṣeré mọ́. Gìtá náà dàgbà ju ìyàwó Yacoubou lọ. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí níbi tí apá Bàbá Chitou máa ń fara tì, ibẹ̀ sì ń dán bí agbárí àgbà.

Lábẹ́ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni etí gìtá wà. Etí ni Yacoubou ń pè é. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní míkírò. Irin kéékèèké mẹ́fà ni, wọ́n tò bí eyín, okùn kọ̀ọ̀kan ní irin tirẹ̀ lábẹ́. Irin wọ̀nyí ló ń gbọ́ ohun tí okùn ń wí, tí wọ́n ń gbé e lọ sínú àpótí ohùn kí ayé lè gbọ́. Eyín náà kò dọ́gba. Òmíràn rì, òmíràn yọ. Èyí tó wà lábẹ́ okùn kẹta ló yọ jù. Yacoubou rí i, ó ní ogbó ni. Àgbà wo ni eyín rẹ̀ dọ́gba?

Okùn tó wà lórí gìtá ti dípẹtà nígbà tó gbé e délé. Yacoubou kì í fara mọ́ ìdọ̀tí. Ó tú gbogbo wọn dà sẹ́bàá ààtàn. Sikirath ìyàwó rẹ̀, ìyá Chakirath ọmọ wọn, tó máa ń ṣe ọṣẹ tà, ṣa ohun tó wù ú níbẹ̀. Yacoubou gba ọjà lọ sọ́dọ̀ Moudachirou, tó ń ta òkúta rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì àti okùn gìtá tó ń kó láti Nàìjíríà.

"Fún mi ní okùn gìtá."

"Èwo nínú wọn?"

"Gìtá kì í ṣe gìtá ni? Èyí tí àwọn ènìyàn ń rà ni kí o fún mi."

Ó gbà á, ó lọ. Ẹ bá mi wo aránṣọ.

Nínú okùn mẹ́fà yẹn, àwọn mẹ́ta tó nípọn ni wọ́n fi wáyà wẹ́wẹ́ we lára, bí ìgbà tí a fi okùn we èèkù ọ̀bẹ. Mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní ìhòòhò, irin gbọ̀ọ̀rọ̀. Yacoubou so wọ́n, ó tẹ̀ wọ́n síbi ohùn wọn, ó tan àpótí. Okùn kìíní, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Ó kan ìkẹta, ariwo bẹ́ jáde. Adìẹ tó sàba sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ òun ló wúwo. Ó rọra fọwọ́ kàn án, ó ṣì ké. Bó bá wá dín ohùn àpótí kù nítorí rẹ̀, àwọn márùn-ún yòókù á wọlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wọn mọ́. Níbi ìgbéyàwó kan ní Lougba, orin ń lọ wẹ́rẹ́, ìyàwó ń jó bọ̀, ìka Yacoubou kan okùn kẹta. Ìyá arúgbó kan tó jókòó síwájú yí ọrùn padà.

"Ta ló ń tẹ ewúrẹ́ yẹn mọ́lẹ̀? Ẹ ní kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lára ẹran ẹlẹ́ran."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí àwo oúnjẹ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Ewúrẹ́ ni àwọn ará Lougba ń pe Yacoubou. Bó bá kọjá nínú ọjà, ẹnì kan á dún "mẹ̀ẹ́" láti ẹ̀yìn òkìtì iṣu, á sì bojú wolẹ̀.

Mẹ́tírì Pascal kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó pè é sí abẹ́ igi káṣú tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀.

"Yacoubou, ó ti pẹ́ tí a jọ ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ọdún iṣu tuntun ń bọ̀ ní Savalou, wọ́n sì ti pè wá. Àwọn ará Kútọnu á wálé. Mi ò lè gbé ewúrẹ́ lọ síbẹ̀."

"Gìtá ni."

"Bó bá jẹ́ gìtá, kó sọ̀rọ̀ bíi gìtá. Bí ọjọ́ ọdún bá dé tó ṣì ń ké báyìí, Euloge ni yóò dúró síbẹ̀. Bí ó bá sì ti dúró síbẹ̀, a ò ní máa mú un wọlé, yọ ọ́ jáde. Àyè rẹ lọ nìyẹn."

Euloge ni àbúrò Pascal. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé pẹ̀lú gìtá tuntun tó ń kọ mànà bí àwo tánganran. Orin tó mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ kò ké. Ó jókòó lórí gbòǹgbò igi káṣú náà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "irin tó yọ jù yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi òòlù lù ú wọlé díẹ̀."

Yacoubou gbá gìtá rẹ̀ mọ́ra. "Òòlù. Bí etí bá ń dun ìwọ, ṣé òòlù ni ìyá yín máa ń mú wá?"

"Mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mo rí i. Ojú rẹ ń wá àga mi kiri bí ojú ológbò tó rí ẹja."

Láti ìgbà náà ni ìsinmi ti kúrò lára Yacoubou. Ó lọ sọ́dọ̀ Fataou tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Fataou tú okùn ìjánu kẹ̀kẹ́, ó fà á ya sọ́tọ̀, ó yọ ẹyọ wáyà kan fún un, bí àwọn onígìtá abúlé ti ń ṣe. Ó ní òun kò rí okùn tí wáyà ìjánu kò lè rọ́pò. Yacoubou so ó. Ewúrẹ́ di màlúù. Ó padà sọ́dọ̀ Moudachirou, ó gba okùn ìhòòhò tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ariwo rẹ̀ dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń kùn bí ẹ̀fọn, ó sì ń rọ̀ lábẹ́ ìka bí ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ ríṣẹ́ ṣe. Ó ki rọ́bà kẹ̀kẹ́ bọ abẹ́ okùn náà. Ohùn rẹ̀ kú fin-ín.

Ó ránṣẹ́ sí Halimatou, àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Kútọnu, pé kó bá òun ra okùn gidi. Halimatou fi ránṣẹ́. Okùn náà ń tàn yanran bí yẹtí ìyàwó tuntun, aláwọ̀ wúrà. Halimatou ní kí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé òun wo gbogbo èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí ló lẹ́wà jù, ẹni tó tà á ní gìtá tí kì í lo iná ni wọ́n ń fi í sí, ṣùgbọ́n ẹwà ni ẹwà.

Yacoubou so wọ́n. Okùn kẹta dákẹ́. Inú rẹ̀ fẹ́ dùn. Ó wá fọwọ́ kan okùn kìíní àti ìkejì, irin lásán tí kò ní wúrà lára: ariwo tí ìkẹta fi sílẹ̀, àwọn méjèèjì ti pín in jogún. Àwọn oníwúrà mẹ́rin, ìkẹta pẹ̀lú wọn, ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu.

Ó pòṣé. Òṣé náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà tó ń bọ̀ fi yà sílé ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ náà ló rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò ìmáàmù méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, tí ìmáàmù sì bi í bóyá òun ni wọ́n fẹ́ ta bí àpò àgbàdo.

Nígbà tí iṣu tuntun ti ń wọ ọjà, Yacoubou fi aṣọ we gìtá, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó gun zẹ́mì lọ sí Savalou. Gbogbo ọ̀nà ni onízẹ́mì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orin kan. Ó ní òun kì í kọrin. Onízẹ́mì ní kí ló dé tó wá gbé gìtá.

Bàbá Chitou jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sóòrùn nítorí orúnkún.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Yacoubou. O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Bàbá. Ọ̀rọ̀ gìtá yìí ni..."

"Kí lo jẹ?"

"Ẹ̀kọ ni, Bàbá."

"Ẹ̀kọ kì í ṣe oúnjẹ ìrìnàjò. Wọ́n á gbé iṣu wá."

Ó dúró de iṣu. Ẹni tó bá ń kọjá, Bàbá Chitou á fi èdè Mahi kí i, á béèrè oko, á béèrè ọmọ, á béèrè ọmọ ọmọ. Yacoubou ń jẹ iṣu bí ẹni tó ń jẹ ìyà. Ìgbà tí àwo gbẹ tán ni bàbá tó na ọwọ́ gba gìtá. Ó fi èékánná ha okùn kẹta, nítorí Yacoubou ti dá èyí tí Moudachirou kọ́kọ́ tà fún un padà sórí rẹ̀. Okùn náà yọ̀ bọ̀rọ́ lábẹ́ èékánná.

"Ta ló bọ́ aṣọ lára rẹ̀?"

"Lára ta ni, Bàbá?"

"Okùn kẹta. Ó wọṣọ nígbà tí mo fà á lé ọ lọ́wọ́. Ìwọ aránṣọ, o wá mú oníhòòhò so mọ́ ibẹ̀."

Bàbá Chitou fi ìka tọ́ka sí irin tó yọ.

"Àwọn tó ṣe gìtá yìí láyé ìgbà náà, okùn kẹta wọn máa ń wọṣọ bíi ti àwọn tó nípọn. Okùn tó bá wọṣọ, ohùn rẹ̀ kì í ta, etí kì í tètè gbọ́ ọ. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé etí kẹta ga, kó lè sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ìwọ wá lé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kúrò, o gbé oníkéde síbẹ̀. Etí ṣì ga síbẹ̀. Kí lo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀?"

"Ti Euloge náà wà ní ìhòòhò, Bàbá. Kò ké."

"Etí ti òde òní dọ́gba. Okùn òde òní ni wọ́n ṣe é fún."

"Àwọn oníwúrà tí àbúrò mi rà ńkọ́? Ìkẹta wọn wọṣọ."

"Aṣọ idẹ nìyẹn. Irin nìkan ni etí yìí gbọ́, kò gbọ́ idẹ. Aṣọ funfun ni kó wọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní níkẹ́lì, ọmọ ìyá irin."

Yacoubou di orí mú. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí fún mi lọ́jọ́ tí mo rà á?"

"O ò béèrè. Ohun tí n óo dín fún ọ lò ń béèrè." Ó dá gìtá padà fún un. "Níbo lo kó okùn tí mo fi sórí rẹ̀ sí?"

Yacoubou dìde. Ó ní kí bàbá máa tọ́jú orúnkún.

Nígbà tó délé, oòrùn ò tíì wọ̀. Sikirath wà nídìí ọṣẹ. Ọṣẹ ti dì nínú àpótí, ó ti dà á sórí pákó gbàràgàdà, ó ń gé e sí wẹ́wẹ́. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fi ń gé e, ó ti so igi sí orí rẹ̀ méjèèjì fún ìdìmú. Ó fà á, ọṣẹ pín sí méjì géérégé. Yacoubou dúró, gìtá lẹ́yìn rẹ̀. Okùn náà wọṣọ.

"Ìyá Chakirath, kí nìyẹn?"

"Okùn ọṣẹ."

"Níbo lo ti rí i?"

"Ibi tí o dà á sí."

"Fún mi."

Ó gbà á, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e lé ojú gìtá. Kò dé ìdajì ọ̀nà.

"Apá kejì dà?"

"Òun ni mo fi so ọwọ́ ìkòkò epo. Ó ti já."

Yacoubou jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. "Mo ti lọ bá atún-kẹ̀kẹ́-ṣe. Mo ti yọ Kútọnu lẹ́nu. Mo ti jẹ iṣu tí ebi rẹ̀ kò pa mí. Ẹni tí mò ń wá ń gé ọṣẹ ní àgbàlá mi."

"Bàbá Chakirath, ọṣẹ mi ń gbẹ. Ṣé ọṣẹ ló fẹ́ kọrin ni, àbí gìtá ló fẹ́ wẹ̀?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Euloge máa gba àyè mi."

Sikirath fi ọwọ́ lé ìbàdí. Ó wo ọkọ rẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń wo àwọn ará Gouka.

"Nígbà tí o lọ bá Moudachirou lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí lo mú lọ́wọ́?"

"Owó ni. Kí lèèyàn tún ń mú lọ sọ́jà?"

"O ò gé etí aṣọ dání?"

Yacoubou wo ìgékù okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ní okùn ni okùn. O ní wọ́n jọra." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá pákó ọṣẹ rẹ̀ mọ́ra. "Wọ́n jọra fún ta ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju èyí tí ewúrẹ́ Lougba ṣe é lọ. Ó pòṣé, ṣùgbọ́n òṣé náà kúrú.

"Máa mú un lọ," Sikirath ní. "Ṣùgbọ́n wá nǹkan tí n óo fi gé ọṣẹ fún mi, torí mi ò ní fi eyín gé e."

Lọ́jọ́ ọjà, Yacoubou jókòó síwájú Moudachirou, ó di ìgékù okùn náà mú láàárín ìka méjì bí etí aṣọ. Ó ní kí ó tú gbogbo okùn tó ní sílẹ̀. Moudachirou tú u. Yacoubou ń fi èékánná ha ìkẹta nínú pálí kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọ̀ bọ̀rọ́, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá pọ́n, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Okùn lo fẹ́ rà," Moudachirou bi í, "àbí ìyàwó lo fẹ́ fẹ́?"

"Ìyàwó ni mo fẹ́ fẹ́. Tú òmíràn."

"Ó kù pálí kan nísàlẹ̀. Oòrùn ti pa á láwọ̀. Kò sẹ́ni tó ń rà á, wọ́n ní ìkẹta rẹ̀ le, ó ń dun ìka."

Yacoubou ṣí i. Ó fi èékánná ha ìkẹta. Ó dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Funfun ni. Ó gbé ìgékù lé e lórí, ó fọwọ́ tẹ̀ wọ́n papọ̀, ó wò wọ́n sóòrùn. Ojú rẹ̀ kò mọ ibi tí ọ̀kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí tí mo fẹ́ fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn," Moudachirou ní. "Mo bi ọ́ pé èwo. Ìwọ lo ní gìtá ni gìtá."

Ẹ̀rín náà padà síbi tó ti ń bọ̀.

Ọjọ́ ọdún dé. Savalou kún fọ́fọ́, èéfín iṣu sísun gba ojú ọ̀run. Pascal kò tíì gbọ́ gìtá láti ìgbà tí Yacoubou ti so okùn tuntun, nítorí Yacoubou kọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Pascal bá ní kí Euloge gbé gìtá tirẹ̀ kọ́ ọrùn, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tí wọ́n ń ṣeré lé. "Bó bá ké nínú orin àkọ́kọ́, o gòkè, Yacoubou sọ̀ kalẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìka Yacoubou ti lé nítorí okùn náà le, òógùn ń ṣàn sí i lójú. Okùn kìíní sọ̀rọ̀, ìkejì gbà á. Ó kan ìkẹta. Ó sọ tirẹ̀, ó sì fà á lé ìkẹrin lọ́wọ́, bí ọmọ ìyá kan tó ń jẹun nínú àwo kan láìjà. Kò sẹ́ni tó yí ọrùn. Wọ́n ń jó. Orin kìíní parí, wọ́n bọ́ sí ìkejì. Euloge dúró síbẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn ún, ó wá bọ́ gìtá rẹ̀, ó fi í sínú àpò, ó sì lọ wá iṣu jẹ.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Yacoubou dúró. Ó ń retí kí ẹnì kan sọ nǹkan. Pascal ń nu ojú.

"O yára jù nínú orin kejì," Pascal ní.

"Ìyẹn nìkan ni?"

"Kí ló tún kù? Kó àpótí ohùn sínú ọkọ̀, a ń lọ."

Ìyá arúgbó Lougba yẹn wà láàárín èrò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Òun nìkan ló bi í. "Bàbá Ewúrẹ́, ewúrẹ́ yín dà? Ṣé ẹ ti pa á fún ọdún ni?"

"A ti pa á, Ìyá."

"Ẹ ò fi ẹran ránṣẹ́ sí mi."

Yacoubou padà sí Bantè pẹ̀lú àyè rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, àti ìka tó lé. Okùn ìhòòhò tó tú kúrò lórí gìtá ló so igi sí ní orí méjèèjì fún Sikirath. Ó gé ọṣẹ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ń la inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń la omi. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní. Bí Sikirath bá fà á le kó tó gé, tí èékánná rẹ̀ bá ṣèèṣì kàn án, okùn náà á ké bí ewúrẹ́ láàárín àgbàlá.

Yacoubou á dá ẹ̀rọ dúró, á pòṣé.

"Bàbá Chakirath," Sikirath á ní, "ṣé o pè mí?"